Ṣé kí ọmọ tún concours ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ṣe?

Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Notsé àti lágbègbè Atakpamé ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń kàn. Ọmọ gba baccalauréat, ó lọ ṣe concours láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bàbá ti ta òwú tàbí àgbàdo kó tó rówó san. Ọmọ ní òun fẹ́ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ìyá ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí concours jẹ́. Ní ti baccalauréat, ẹni tó bá ti ní 10 nínú 20 ti yege, iye àwọn mìíràn tó yege ò kàn án. Concours ò rí bẹ́ẹ̀. Iye àyè tó wà ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á to àwọn ọmọ láti orí ẹni tó ṣe dáadáa jù wá sísàlẹ̀, ibi tí àyè bá tán sí ni wọ́n á fa ìlà sí. Ọmọ lè ní 13 kó má wọlé. Nítorí náà, tí ọmọ bá kàn sọ pé "mi ò wọlé," kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ bi í pé: ipò wo lo wà? Báwo lo ṣe jìnnà sí ìlà yẹn tó? Iṣẹ́ wo ló fà ọ́ sẹ́yìn?

Ẹni tó kù díẹ̀ káàtó, tó jẹ́ ìṣirò nìkan ló kó bá a, àwa á ní kó tún un ṣe. Àmọ́ tó bá jìnnà gan-an sí ìlà, tí kò ní olùkọ́ tuntun tàbí àkókò tó pọ̀ sí i, ohun kan náà ló máa tún bá pàdé. Ẹ béèrè ohun tó máa yí padà lọ́dún yìí. Tó bá dákẹ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ ka communiqué concours náà dáadáa kí ẹ tó san owó kankan. Àwọn kan máa ń fi gbèdéke sí ọjọ́ orí. Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan kọ́ sì ni ìnáwó ibẹ̀: ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì wà níbẹ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀, ibi tí ọmọ máa sùn sí ní Lomé náà wà níbẹ̀ (nǹkan bí 100 kìlómítà ni láti Notsé). A tún wá fi owó répétiteur lé e.

Ohun tí àwa ò fara mọ́ rárá ni kí ọmọ jókòó sílé fún ọdún kan gbáko nítorí concours. FASEG wà ní Université de Lomé, wọ́n ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti gestion níbẹ̀. Lábẹ́ ètò LMD, ọdún 3 ni licence, sẹ́mẹ́sítà 6, crédit 180. Ọmọ lè máa kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kó sì máa múra concours sílẹ̀. Tí kò bá tún wọlé, ọdún rẹ̀ ò ṣòfò.

Concours ẹ̀yìn baccalauréat nìkan sì kọ́ ni ẹnu ọ̀nà. CESAG ní Dakar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, tó bọ́ sọ́wọ́ BCEAO ní 1995, máa ń gba àwọn tó ti ní licence sí master. Ẹni tó bá ń wá MBA lókè òkun lè pàdé ìdánwò GMAT. Ìyẹn rọrùn díẹ̀ ní ti àtúnṣe: èèyàn lè ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù 12, tí ọjọ́ 16 bá ti kọjá láàárín méjì, èsì rẹ̀ sì máa ń wúlò fún ọdún 5.

Ẹ má sọ relevé de notes ti ọdún tó kọjá nù o. Òun lẹ máa tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ tí bàbá, ìyá àti ọmọ bá jókòó sọ̀rọ̀.