Ara Tí Kì í Rántí: Ọ̀rọ̀ Lórí Sobìyà àti Ìrántí Ìlú

Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa aràn, òwe kan ni ó fà á: "Kí sobìyà tó degbò, Olúgànbe ni à á ké sí." Ìyá bàbá mi ni ó jẹ́ kí n mọ bí òwe náà ti wúwo tó. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní abúlé wa ní Ìbàràpá, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta léra ni sobìyà dá a dùbúlẹ̀: lọ́dún kìíní ó yọ ní ọrùn ẹsẹ̀, lọ́dún kejì ní orúnkún, lọ́dún kẹta ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo bi í léèrè pé ṣé sobìyà kò mọ̀ pé òun ti mú wọn rí ni. Ìyá dáhùn pé: "Ọkọ mi, Olóde ní í mọ ẹni tí ó ti kọlà fún. Sobìyà kò mojú ẹnìkan."

Ṣànpọ̀nná ni Ìyá ń pè ní Olóde, nítorí àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ wọn yìí ni kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi. Àrùn kan wà tí ara máa ń rántí. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pẹ̀lú ìnira ni ara fi ń rántí rẹ̀. Òmíràn sì wà tí ara kì í rántí rárá. Níbi tí ara bá ti gbàgbé, ìlú ni ó gbọ́dọ̀ rántí.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ṣànpọ̀nná bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe tí kò kú, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tún padà ṣe é. Orí ìrántí ara yìí ni iṣẹ́ àjẹsára dúró lé, títí a fi kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti tán láyé.

Ti aràn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn tí ó ń fà á, ní Cairo, ní ọdún 1851. Inú ìgbín omi ni aràn yìí ti ń jáde, a sì máa gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó bá wọ odò. Ó pẹ́ tí a ti ṣàkíyèsí pé ó wọ́pọ̀ lára ọmọdé ju àgbà lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ara àgbà ni ó ń kọ̀ ọ́ ni, tàbí àgbà kì í ṣeré nínú odò bí ọmọdé? Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, Anthony Butterworth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí ìbátan aràn yìí, èyí tí ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun, ní agbègbè Machakos ní Kẹ́ńyà. Wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lóògùn, wọ́n sì ń ṣọ́ bí wọ́n ti ń wọ omi. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ń wọ omi, àwọn kan tún kó aràn. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó dàgbà díẹ̀, kò kó o mọ́. Ní ọdún 1991, Paul Hagan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ láti Gambia pé àwọn tí èròjà ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní IgE pọ̀ lára wọn sí aràn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kì í sáábà tún un kó. Èròjà yìí kan náà ni a ti mọ̀ mọ́ ikọ́ fée. Ara ń kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ́ ọ, kì í sì í mọ̀ ọ́n tán.

Sobìyà ni kò fún ara ní ẹ̀kọ́ kankan. Láti ọdún 1870 ni Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà, ti tọpa rẹ̀ dé ara kòkòrò omi tín-ín-tín. Ẹni tí ó bá bu irú omi bẹ́ẹ̀ mu, ní nǹkan bí ọdún kan ni aràn yóò yọ, gígùn rẹ̀ a sì máa tó mítà kan. Kò ní àjẹsára. Ẹni tí ó mú lọ́dún yìí, ó tún lè mú un lẹ́ẹ̀míì. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn bá a ní Ìdèrè pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sobìyà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà ara, bí iṣan. Àwọn kan fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ń padà wá lọ́dọọdún, tí ara kò bá jà, kí ni a ó pè é bí kò ṣe ara?

Kí ni ó wá ṣẹ́gun rẹ̀? Asẹ́ ni, àti kànga, àti òfin pé ẹni tí sobìyà ń yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀. Ní ọdún 1988, iye àwọn tí a kà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ara ẹnì kan tí ó gbọ́n sí i. Ìlú ni ó gbọ́n.

Ìbẹ̀rù mi nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ òwe náà lórí, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ni sobìyà, wọn a máa wo ojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni aràn náà kò tíì tán láyé. Láti ọdún 2012 ni a ti ń rí i lára ajá ní Chad. Bí ó bá padà, ara àwọn ọmọ wa kò ní dá a mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ara Ìyá kò ti dá a mọ̀. Ohun tí a bá ti fi lé wọn lọ́wọ́ nìkan ni wọn yóò ní: asẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí ń sọ ìdí tí a fi ń sẹ́ omi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni èyí pẹ̀lú.