Ilé Ni Ọmọ Ti Ń Kọ́kọ́ Mọ Ẹranko Igbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ya ẹranko igbó kan fún mi. Kìnnìún ló yà. Bẹ́ẹ̀ kìnnìún kì í gbé inú ẹgàn wa. Yankari àti Kainji ló kù sí ní Nàìjíríà. Àbúrò mi kò mọ̀ pé ìnàkí wà nínú igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì, nítòsí wa. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí?

Láyé àtijọ́, ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀nà oko ni kíláàsì ọmọdé. Bí koríko bá gé geere lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá á ní ọ̀yà ló jẹun níbẹ̀. Bí ọmọ bá rí ẹ̀gún gígùn aláwọ̀ dúdú àti funfun nílẹ̀, wọ́n á ní òòrẹ̀ ló kọjá. Ó máa ń mọ̀ pé ikán àti èèrà ni akika ń jẹ, àti pé ìnàkí máa ń tẹ́ ẹ̀ka igi bí ibùsùn kó tó sùn lókè.

Tó bá di alẹ́, àlọ́ àti òwe kàn. Wọ́n á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ á béèrè ohun tó ń jẹ́ òkété, wọ́n á sì sọ fún un pé inú ihò ló ń gbé, òru ló ń jẹ̀. Àwọn ọdẹ náà ń fi ìjálá sọ ìwà ẹranko kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ ìwé lórí ìjálá yìí ní ọdún 1966.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ohun rere ni, òun ló sọ ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa àgbà di ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n àkókò tí ọmọ ń lò lóko dín kù, inú ìwé ABD ló sì ti ń mọ ẹranko: L fún Lion, Z fún Zebra. Lákòókò kan náà, oko kòkó àti àwọn agégẹdú ń jẹ igbó run.

Òótọ́ ni pé kí ọmọ lè pa ẹran ni ọdẹ fi ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, àwọn baba wa mọ ẹran tí wọ́n ń dá sí: ìdílé ìbejì kì í jẹ ẹdun. Lónìí, irú ìnàkí tó wà ní Ìsẹ̀ kò sí níbòmíràn àfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, gbogbo wọn kò sì tó 10,000. Òfin kọkànlá ọdún 1985 dáàbò bò wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ ohun tí kò mọ̀?

Nítorí náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti àbúrò mi máa ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́yìnkùlé, a sì máa ń wá ipasẹ̀ ẹran lọ́nà oko. Ìyá wa àgbà á sọ orúkọ èyí tí a kò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún ya àwòrán: ìnàkí kan lórí igi, pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú àwòrán nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa rí i.