Whot, Káàdì Dírágónì àti Ọgbọ́n Ẹ̀yìnkùlé Old GRA

Ìtàn káàdì la mú wá lónìí, ó sì nídìí.

Láìpẹ́ yìí, bàbá kan láàárín wa fẹ́ dáná sun káàdì ọmọ rẹ̀. Àwòrán dírágónì àti oṣó ló rí lára wọn, ló bá ní òkùnkùn ti wọlé òun. Ọmọ ń sunkún, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Kí á tó dá sí i, a ní ká kọ́kọ́ rántí ibi tí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n ṣe kọ́ Old GRA. Ọdún 1913 ni Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, sọ ìlú wa yìí, Port Harcourt. Èédú Enugu ni wọ́n fẹ́ máa gba ibí kó lọ. Nígbà tó fi máa di 1916, rélùwéè ti dé ọ̀hún. Àwọn òyìnbó ya àdúgbò tiwọn sọ́tọ̀, ilé jìnnà sí ilé, ọgbà gbalasa. Ẹ̀yìn àwọn ilé yẹn ni BQ wà, níbi tí kúùkù, dírẹ́bà àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọ̀gá dúdú kó sílé iwájú. BQ ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ sùn nígbà tí a dé láti ilé.

Ibẹ̀ la ti ta Whot. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Waddingtons gbé e jáde ní 1935. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, Yorùbá, Ijaw, Ikwerre, Ìgbò, gbogbo wa á yí fìtílà kan ká. Àwọn òbí wa ní tẹ́tẹ́ ni. A jẹgba nítorí ẹ̀ dáadáa!

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò tó wà níbẹ̀. Káàdì 54 ni: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, Whot fúnra rẹ̀ 5. Ìràwọ̀ kò ní 14, torí náà tí ìràwọ̀ bá wà lókè, kò sẹ́ni tó lè fi "general market" lé yín lọ sọ́jà. Àgbélébùú àti onígun mẹ́rin ò ní 8, "suspension" ò lè bọ́ síbẹ̀. Tí o bá ju Whot sílẹ̀, tí ìràwọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ, ìràwọ̀ ni kí o pè: kò pọ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kù má ní in.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ẹni méjì bá ń ta Whot, ìjà ni. Bí ó bá di ẹni mẹ́rin, ó di òṣèlú. Ẹni tó bá ké "last card" ni gbogbo ojú ń yí sí. Àwọn tó ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ á dọ̀rẹ́ títí wọ́n á fi rọ "pick two" lé e lórí. Ìwọ tí o ní 2 lọ́wọ́ á máa dúró kí ẹlòmíì ná tiẹ̀ kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe ahun jù, nítorí tí ọjà bá tán, kíkà ló kù: Whot jẹ́ 20, ìràwọ̀ á di ìlọ́po méjì. Agbára tí o fi pamọ́ á wá di gbèsè sí ọ lọ́rùn. Àwa tí a jẹ́ àlejò nílùú onílùú mọ ìtumọ̀ èyí.

Káàdì ọmọ yẹn ńkọ́? Magic: The Gathering ni. Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ó jáde ní 1993. Whot ní àmì márùn-ún, Magic ní àwọ̀ márùn-ún. Ohun tó yàtọ̀ ni pé olúkúlùkù ló ń to káàdì tiẹ̀ wá. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Commander, ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń ta á, káàdì 100 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀mí 40. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹni tí kò to tiẹ̀ dáadáa ti pàdánù kó tó jókòó.

A ní kí bàbá yẹn bá ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ta á lẹ́ẹ̀kan péré kó tó ṣáná. Ó kùn, ó jókòó. Dírágónì rẹ̀ tó tóbi jù ló kọ́kọ́ sáré gbé jáde. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn lójú, wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n lu ú jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àbí Whot lèyí ni?"

Kò sun káàdì mọ́. Ó ní iye tí ọmọ ń ná lórí ẹ̀ ni òun á máa ṣọ́, àti pé kò gbọdọ̀ fi ta tẹ́tẹ́. Ìyẹn bójú mu.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nílé yín, ṣé 5 jẹ́ "pick three" àbí kò jẹ́ nǹkan kan? Ta ló sì nà yín jù nítorí Whot?