Àwọ̀ àti Ìmọ̀lára nínú Fíìmù Kàtúùnù: Ojú Tí Yorùbá Fi Ń Wò Ó

Ìfáàrà

Nínú fíìmù kàtúùnù, kò sí àwọ̀ tó ṣèèṣì wọlé. Ayàwòrán ló kun ojú ọ̀run, òun náà ló kun ilẹ̀ àti aṣọ ẹ̀dá ìtàn. Nítorí náà, inú òǹwòran lè bàjẹ́ tàbí kó dùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Èrò wa ni pé àwọ̀ kan kì í dá ní ìmọ̀lára. Ìtàn àti àṣà ló ń fún un.

Iṣẹ́ àwọn aṣáájú

Fún fíìmù Toy Story (1995), ayàwòrán Ralph Eggleston to àwòrán kéékèèké tẹ̀lé ara wọn láti fi hàn bí àwọ̀ yóò ṣe máa yí padà bí ìtàn bá ṣe ń lọ. Òun náà ló bójú tó ìrísí Inside Out (2015). Níbẹ̀, bí ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ Ìbànújẹ́ bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ìrántí tó ń tàn bí ìyeyè, yóò di àwọ̀ aró. Nígbẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù kan jáde tó ní àwọ̀ méjèèjì lára: ayọ̀ àti ẹkún nínú ìrántí kan ṣoṣo.

Nínú Kirikou et la Sorcière (1998), Michel Ocelot, ọmọ Faransé tó gbé Conakry ní kékeré, fi àwọ̀ amọ̀ kun abúlé, ó sì fi eérú yí ilé àjẹ́ Karaba ká. Eérú ló gbé ẹ̀rù wá níbí, kì í ṣe pupa.

Ojú Yorùbá

Funfun, pupa, dúdú: ìsọ̀rí mẹ́ta yìí ni Yorùbá ń kó àwọ̀ sí. Aró wà lábẹ́ dúdú, ìyeyè wà lábẹ́ pupa. Ọbàtálá ló ni funfun, Ṣàngó ló ni pupa.

Àwọn aláró Ìbàdàn mọ bí àwọ̀ ṣe ń rinlẹ̀. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, ó máa ń fara jọ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Wọn á tún rì í bọ inú ìkòkò léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹlú kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó ṣí àti èyí tó rinlẹ̀ kò rí bákan náà lára ẹni tó ń wò wọ́n.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ló sì ń pinnu ìmọ̀lára tí àwọ̀ ń gbé wá. Bí arúgbó bá kú ní Adégbàyí ní Ìbàdàn tàbí ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, aṣọ ẹbí tó ń tàn, ìlù àti ijó ni. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni; kò sí aṣọ ẹbí. Ayàwòrán tó bá fi àwọ̀ ṣíṣú kun ìsìnkú arúgbó yóò jẹ́ kí òǹwòran Yorùbá rò pé òkú ọ̀fọ̀ ni.

Àgbálọgbábọ̀

Iwájú, eré kàtúùnù alátẹ̀lé tí ilé-iṣẹ́ Kugali àti Disney gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, gbé Tola ọmọ Island àti Kole ọmọ Mainland ní Èkó dé ojú gbogbo ayé. Ọ̀nà ti là. Kí àwọn ayàwòrán wa kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, kí wọ́n tó mú àwọ̀. Àwọ̀ tó bá ti inú ìgbé ayé wa jáde ni yóò wọ òǹwòran wa lára.