Owó Orí Láàárín Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ojú Ogun

Ọ̀rọ̀ owó orí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá ìjà sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1918, nítorí owó orí àti iṣẹ́ ọ̀ranyàn ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe kọjú ìbọn sí ìjọba òyìnbó nínú Ogun Àdúbí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo ìtàn dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe bí owó náà ti pọ̀ tó nìkan ni ó ń bí ará ìlú nínú. Ibi tí owó náà ń gbà lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì fi èyí hàn.

Ní oṣù Keje 1952, Awókọ̀yà tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé àbá kalẹ̀ pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan owó. Ìjọba Ìbàdàn kò ní ọmọ ogun tí yóò bọ́. Ọwọ́ ìjọba Èkó àti òyìnbó ni ẹrù yẹn wà. Ẹ̀kọ́ àti ìlera ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣíwájú, wọ́n sì fi owó kún owó orí nítorí wọn. Inú bí ará ìlú. Nínú ìbò 1954 sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, Ẹgbẹ́ Alákùkọ borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nílé Ọlọ́pẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 láàárín ọdún kan. Àwọn olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tó, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ sì há. Síbẹ̀, olúkúlùkù bàbá rí ọmọ rẹ̀ tí ó gbé síléètì lọ́wọ́. Ní 1956, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ó borí nínú ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ìgbà ogun abẹ́lé yàtọ̀. Láti 1967 sí 1970, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní bí 10,000, wọ́n di bí 250,000. Lóòótọ́, owó orí àgbẹ̀ kò lọ tààrà sí ojú ogun, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọjà wọ́n, ọ̀nà oko di igbó, agbowó-orí kò sì yéé lé àgbẹ̀ kiri. Ní òpin 1968, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Òkè mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè nínú ìṣirò owó ẹyọ àtijọ́. Ẹ̀mí ṣòfò: ní 1969 a pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Olájídé Ọláyọdé, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn àgbẹ̀ já ẹ̀wọ̀n Agodi. Awólọ́wọ̀, tí ń bójú tó ìṣúná ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí ìjà tó rọlẹ̀. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Àwọn kan náà ni wọ́n san owó ní ìgbà méjèèjì. Ní 1955, wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí èrè rẹ̀. Ní 1968, wọ́n kùn, wọn kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìjọba tí ó bá gba owó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tí kò sì bá a mú nǹkan sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ìbínú rẹ̀.