Ẹnu Dùn ún Ròfọ́: Ìtàn Karunanidhi ti Ilẹ̀ Tamil

"Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣe é ṣánko." Báyìí ni àwọn àgbà wí nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn asọ̀rọ̀-má-ṣe sú wọn, ẹni tí wọ́n sì ń fi òwe náà bá wí ni ẹni tó jókòó sábẹ́ ibòji, tó ń fi ẹnu lásán se ọbẹ̀, tó ń ju ọwọ́ òfìfo síwá sẹ́yìn bí ẹni tó di àdá mú, nígbà tí ìkòkò ṣófo, tí igbó kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá òun wí. Òwe náà kò purọ́ mọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, láàárín àwọn tí ń sọ èdè Tamil, a ó pàdé ọkùnrin kan tí a kò bí sí ilé ọlá, tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan, tí gbogbo ohun ìjà rẹ̀ kò ju ẹnu àti kálámù lọ, tó sì fi wọ́n ṣán igbó títí ó fi jókòó lórí àga olórí ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ nígbà márùn-ún. Muthuvel Karunanidhi ni orúkọ rẹ̀. Kalaignar, oníṣẹ́ ọnà, ni àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ń kì í.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Thirukkuvalai, ìletò kan ní agbègbè Tanjore tí odò Kaveri ń bomi rin, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba níbẹ̀. Ìran afunfèrè ni ìran rẹ̀, àwọn tí ń dá òrìṣà lára yá nínú tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èyí sọ wọ́n di ẹni àpọ́nlé, nítorí láyé ìgbà náà, bí afunfèrè bá fẹ́ dé iwájú àwọn ẹni ńlá, ó ní láti bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀ kí ó sì so ó mọ́ ìbàdí. Wọ́n fi ọmọ náà sẹ́nu ẹ̀kọ́ fèrè, ó rí aṣọ tí wọ́n ní kí ó bọ́, ó sì kẹ̀yìn sí fèrè. Nígbà tó dàgbà tán, tó darúgbó, kì í jáde láìfi ìborùn aláwọ̀ ìyeyè kọ́ èjìká. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá kò ní pè é ní oge lásán.

Ọmọdé ṣì ni nígbà tí ìjọba Madras, lábẹ́ Rajagopalachari, ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa kọ́ èdè Hindi ní túláàsì, òun náà sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí ìgboro láti ní àwọn kò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ ìwé ìròyìn fún àwọn ojúgbà rẹ̀. Ní 1942 ó dá ìwé ìròyìn Murasoli sílẹ̀. Ó bá bàbá arúgbó E. V. Ramasamy ṣiṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Periyar, tó kéde ogun sí ìgbéraga ìran àlùfáà Brahmin. Nígbà tí C. N. Annadurai ẹlẹ́nu oyin, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé eré, sì yà kúrò lẹ́yìn Periyar ní 1949 láti dá ẹgbẹ́ DMK sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ Congress ló ni agbára nígbà náà, ló ni owó, ló sì ni ògo pé òun ló gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Rédíò sì wà ní ìkáwọ́ ìjọba. Kí ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ilé sinimá wà, níbi tí tálákà tó bá ti san owó ìwọlé ti lè jókòó sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú olówó, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè ìdílé tí a bí i sí. Níbẹ̀ ni Karunanidhi ti rí oko tirẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré fún Rajakumari ní 1947, ó kọ ti Manthiri Kumari ní 1950, kò sì dúró títí ó fi kọ tó bí márùndínlọ́gọ́rin láyé rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ sídìí Parasakthi, tó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1952. Ọmọkùnrin mẹ́ta wà ní ìlú Rangoon nígbà ogun, arábìnrin wọn kan ṣoṣo, Kalyani, sì wà nílé. Gunasekaran, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin náà, wọ ọkọ̀ òkun wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, olè jà á ní Madras, ó di ẹni tí ń ṣe bíi wèrè kí ó lè rí jẹ. Kalyani di opó, ìyà jẹ ẹ́ dójú àmì. Ó sá wọ tẹ́ḿpìlì, àlùfáà ibẹ̀ sì fẹ́ fi ipá bá a lò pọ̀. Nígbà tí ayé sú u, ó ju ọmọ rẹ̀ sódò. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ tó jókòó lórí ìtẹ́ sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an. Gunasekaran náà dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́jọ́, nítorí ó ti kọjú ìjà sí àlùfáà náà. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wí tẹnu rẹ̀, kò sẹ́, kò sì bẹ̀bẹ̀: ó gbà pé òun dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé òrìṣà, ó sì ṣàlàyé pé ìkà tó fi ilé òrìṣà ṣe ibi ìsápamọ́ ni òun bá jà, pé òun kò bá ilé náà fúnra rẹ̀ jà. Ọ̀rọ̀ ń pe ọ̀rọ̀ rán níṣẹ́, gbólóhùn ń gun gbólóhùn léjìká, títí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ fi di ẹni tí ń dá àwùjọ lẹ́jọ́.

Àwọn kan pariwo pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé sinimá náà. Ariwo wọn kò ràn. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pẹlẹbẹ, àwọn ènìyàn sì há a sórí. Àwọn eléré ojú títì a máa kà á lórí ìdúró ní Madras, àwọn ará ọjà a sì máa sọ owó sí wọn. Sivaji Ganesan, tí a kò rí nínú sinimá rí ṣáájú èyí, di ìràwọ̀ lóòjọ́.

Karunanidhi kò fi ọ̀ràn mọ sórí ìwé. Ní 1953 ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ojú irin ní Dalmiapuram, nítorí pé wọ́n fi orúkọ oníléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan láti àríwá rọ́pò Kallakudi, orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló fi jẹ. Ní 1957 ó wọ ilé aṣòfin, ní 1967 ẹgbẹ́ rẹ̀ lé Congress kúrò lórí oyè, nígbà tí Annadurai sì kú ní oṣù kejì ọdún 1969, òun ló bọ́ sórí àga.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé bá kọ, ẹnu òṣèré ni ará ọjà ti ń gbọ́ ọ. M. G. Ramachandran, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MGR, ló ṣe akíkanjú nínú Rajakumari àti Manthiri Kumari. Ojú rẹ̀ ni àwọn ìyá arúgbó mọ̀, òun ni wọ́n kà sí olùgbèjà tálákà. Nígbà tí òun àti Karunanidhi tú ká ní 1972, tí wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí pé ó ní kí wọ́n wá ṣírò owó, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé ní 1977, Karunanidhi kò sì lè gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ikú fi mú un lọ ní 1987. Èmi kò mọ ìyà tó lè dun òǹkọ̀wé ju èyí lọ. Síbẹ̀ Karunanidhi kò káàánú ara rẹ̀: gbogbo ìgbà mẹ́tàlá tó bèèrè ìbò láti wọ ilé aṣòfin ni wọ́n yàn án, ó sì ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú Murasoli, tó ń pè wọ́n ní ọmọ ìyá òun, títí lẹ́tà náà fi lé ní 7,000.

Nípa ìṣàkóso rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ó fòpin sí kẹ̀kẹ́ akérò tí ènìyàn fi ọwọ́ ń fà. Ìjọba àpapọ̀ lé e lórí àga ní 1976, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ Sarkaria dìde láti wádìí ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n fi kàn án. Ní 2001 ìjọba Jayalalithaa, òṣèré tó bá MGR ṣeré, rán ọlọ́pàá láti gbé e kúrò nílé lóru, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2018. Ìjọba kò fẹ́ gbà, àfi ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga Madras dá wọn lẹ́kun kí wọ́n tó lè sin ín sí etí òkun Marina, nítòsí Annadurai.

Òfin kan ló yẹ kí n fi kún un. Ní 1970 ó ṣe é pé ipò àlùfáà tẹ́ḿpìlì kì yóò jẹ́ àjogúnbá mọ́, kí ọmọ ìran gbogbo lè kọ́ ọ kí ó sì ṣe é. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1972 mú kí ó ṣòro láti mú un ṣẹ. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni olórí ìjọba tuntun fi ìwé ìyànsípò lé irú àwọn àlùfáà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Olórí ìjọba náà ni M. K. Stalin, ọmọ Karunanidhi, tó jogún ẹgbẹ́ DMK lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ òfin náà dára, ogún náà kò sì bá a mu.