Agbedeméjì Ọkọ̀ Òkun

Agbedeméjì ọkọ̀ òkun, tí àwọn atukọ̀ ń pè ní midship, ni ibi tí gígùn ọkọ̀ ti pín sí méjì ọgbọọgba láàárín imú àti ìdí. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ kì í fojú díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n á mú ibi tí omi ń dé lára imú nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù tó bófin mu, wọ́n á wọ̀n ọ́n dé ìdí irin tí ìtọ́kọ̀ ń yí lé lórí, wọ́n á sì dá a sí méjì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ sábà máa ń fẹ̀ jù.

Ìjẹ̀gùn ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó, jìnnà díẹ̀ sí òkun, síbẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni epo tó ti agbedeméjì ọkọ̀ jáde ń gbà. Bí ọkọ̀ agbépo bá gúnlẹ̀ sí Atlas Cove lẹ́nu èbúté Èkó, nítòsí àárín rẹ̀ ni ẹnu àwọn páìpù tí wọ́n ń so mọ́ ti orí ilẹ̀ wà. Bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, ọkọ̀ gígùn àti kúkúrú lè lo èbúté kan náà, àárín kì í sì í ròkè rodò tó imú àti ìdí nígbà tí ìgbì bá ń jà. Ẹ̀rọ á wá ti epo gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibùdó ìkópamọ́ epo ní Èjìgbò àti Mósimi. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gùn bẹ́ páìpù, iná sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Mi ò lè kọ̀wé lórí àárín ọkọ̀ kí n fo ọjọ́ yẹn.

Agbedeméjì kan náà ni òfin yàn fún àmì ẹrù: òbìrípo tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Bí ẹrù kò bá dọ́gba, tí imú rì tí ìdí gbé sókè, àárín ló ń sọ òótọ́ jù. Láyé ìgbà kan, àwọn ọlọ́kọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń di ẹrù kọjá agbára, omi á sì gbé ọkọ̀ àti atukọ̀ mì. Samuel Plimsoll, aṣòfin láti Derby, ló jà títí òfin fi jáde ní 1876. Àléébù ńlá wà nínú òfin náà: àmì pọn dandan, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yan ibi tí yóò kùn ún sí. Ó di 1890 kí wọ́n tó gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé e ní 1930, èyí tí wọ́n ń lò lónìí sì ti 1966 wá.

Àwọn ìlà kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrípo náà. T jẹ́ ti omi òkun ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. TF, tó ga ju gbogbo wọn lọ, jẹ́ ti omi aláìníyọ̀ níbẹ̀. Bí a bá bu omi òkun kún àpótí tí gígùn, ìbú àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ yóò tó kìlógíráàmù 1,025. Ti omi odò jẹ́ 1,000. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń rì sí i nínú omi odò. Lásìkò òjò, tí omi odò Ògùn àti àwọn yòókù bá ya wọ ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ọ̀sà máa ń dín kù, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ní Àpápá sì gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀.

Àárín náà ni ìnira pọ̀ sí jù. Bí orí ìgbì bá gbé e, imú àti ìdí á so rọ̀; bí ìgbì méjì bá gbé imú àti ìdí, àárín á so rọ̀. Títẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún yìí lè ṣẹ́ irin bí ẹni fi orúnkún ṣẹ́ ìrèké. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2013, MOL Comfort, ọkọ̀ akókọ̀nténà tó gùn ní mítà 316, ya láti abẹ́ ikùn ní agbedeméjì lórí Òkun Íńdíà. Gbogbo atukọ̀ 26 yè. Apá méjèèjì ọkọ̀ rì kí oṣù kan tó pé.

Lẹ́nu ọ̀gá ọkọ̀, “Midships” jẹ́ àṣẹ. Àárín tó ń wí níbẹ̀ ni ìlà tó lọ láti imú dé ìdí: kí ìtọ́kọ̀ padà sójú ìlà yẹn, kó má fì sí ọ̀tún tàbí òsì. Ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ sókè, kó sì jábọ̀ nígbà tó bá ti ṣe é.